Ìjálá àti Ẹran Ìgbẹ́ Tí Ojú Wa Kò Rí Mọ́

Ní ìpàdé Ẹgbẹ́ wa kan ní sáà tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ka ọ̀rọ̀ kan sí wa létí tí gbogbo wa gbádùn. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn baba ńlá wa ti mọ bí a ti ń dáàbò bo ẹran ìgbẹ́ kí ìjọba tó ṣe òfin kankan lórí rẹ̀, àti pé ìjálá ni ẹ̀rí. Ó ní ẹni tí ó lè fi ọ̀rọ̀ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ ki erin, tí ó lè ki ẹfọ̀n bí ẹni ń ki ọba, kò lè jẹ́ ọ̀tá wọn. A pàtẹ́wọ́ fún un títí. Èmi pẹ̀lú pàtẹ́wọ́, nítorí pé ó máa ń dùn mọ́ ọmọ Yorùbá kí ó gbọ́ pé àwọn baba òun ti ṣe ohun rere kan ṣáájú àwọn ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà kọ́ mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mo bi ara mi pé: ta ni ń sun ìjálá? Ọdẹ ni. Kí ni iṣẹ́ ọdẹ? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi mọ ìwé jù mí lọ, n kò sì kọ èyí láti bú u. Ohun tí mo fẹ́ wí ni pé ẹ̀rí tí ó mú wá kò jẹ́rìí sí ohun tí ó wí. Ohun mìíràn ni ó ń jẹ́rìí sí, ohun náà sì ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Àwọn tí ó wà ní alẹ́ eré Ẹgbẹ́ wa ní ọdún méjì sẹ́yìn yóò rántí pé èmi ni mo sun ìjálá ní ọjọ́ náà. Mo yá ẹ̀wù ọdẹ wọ̀, mo gbé ìbọn onígi kọ́ èjìká, mo sì ki ẹtu. Láti inú ìwé àjákọ ẹnìkan tí ó ṣáájú mi ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni mo ti kọ́ ọ, mo sì há a sórí dáadáa. Àwọn ènìyàn hó yèè. Olùkọ́ wa kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ohùn mi dára.

Ní ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo lọ sí ọ̀dọ̀ arákùnrin ìyá mi tí ó ń ṣe oko kòkó ní abúlé kan ní etí Igbó Ọba Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ igbó náà, ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ láti ọdún 1925, àjọ UNESCO sì kà á ní ọdún 1977 mọ́ àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ kí ènìyàn àti àwọn ẹ̀dá ìgbẹ́ ti máa jọ gbé pọ̀. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọdẹ àgbà kan wà ní abúlé náà, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ti fi ìbọn kọ́ ara ògiri, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ń ṣọ́ igbó náà nísinsìnyí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a jẹun tán, ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ fi mí yangàn, ó ní kí n sun ìjálá fún Bàbá. Mo bẹ̀rẹ̀. N kò tíì dé ibi kẹrin tí Bàbá fi gbé ọwọ́ sókè.

“Dúró ná. Ta ni o ń kì?”

Mo ní, “Ẹtu ni, Bàbá.”

“Ẹtu wo? Ṣé ẹtu tí mo ti ń pa kí bàbá rẹ tó mọ ìyá rẹ? Ìwọ ọmọ yìí, ibo ni o ti rí ẹtu tí ó ní tótòtó funfun lára? Ìgbà wo ni ẹtu ń fi ariwo jí ará oko ní òwúrọ̀? Ẹyẹ ni ò ń kì. Ẹtù ni o ki láti òkè délẹ̀, o wá ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn ín.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó kọ ìwé tí mo fi kọ́ ọ kò fi àmì ohùn kankan sí i, èmi náà kò sì bèèrè. Nígbà tí mo dé ibi tótòtó funfun, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ẹtu rí. Nígbà tí mo dé ibi ariwo òwúrọ̀, mo rò pé àsọdùn akéwì ni, mo tilẹ̀ ti ń múra láti kọ ọ́ sínú ìdánwò bí àpẹẹrẹ àsọdùn. Èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè! Ẹtu, ẹtù, ẹ̀tù: ẹran kan, ẹyẹ kan, àti ohun tí a ń rọ sínú ìbọn láti fi pa àwọn méjèèjì. Ọmọdé tí a bí sí abúlé yẹn kò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé nítorí ẹ̀rín ni mo fi sọ ìtàn yìí. Gbọ̀ngàn kún ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sun ún. Àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn tí ó ti gba oyè lórí ewì Yorùbá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n máa ń wí pé àwọn ni wọ́n ni ìjálá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó gbé ọwọ́ sókè.

Ẹ wo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéboyè Babalọlá sọ nínú ìwé ńlá tí ó kọ ní èdè Òyìnbó lórí ìjálá, èyí tí ó jáde ní ọdún 1966. Láti ẹnu àwọn ọdẹ fúnra wọn ni ó ti gba àwọn ìjálá náà. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ní àwùjọ ọdẹ, bí onìjálá bá ń sun ìjálá, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà a máa tẹ́tí sí i bí adájọ́. Bí ó bá ṣi oríkì kì, wọn a dá a dúró, wọn a ní irọ́ ni ó ń pa. Onìjálá náà a sì fi ohùn ìjálá dá wọn lóhùn, yóò ní òun kò purọ́, bí ọ̀gá òun ti kọ́ òun ni òun wí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ka ibẹ̀ yẹn, a sì kà á kọjá bí ẹni pé àṣà ìpàdé lásán ni. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀mí ìjálá wà. Àwọn tí ń gbọ́ ọ ti rí ẹran náà. Wọ́n ti dọdẹ rẹ̀, wọ́n ti bó awọ rẹ̀, òmíràn nínú wọn ní àpá rẹ̀ lára. Ẹni tí ó bá wí fún wọn pé ẹfọ̀n ń sá fún ènìyàn yóò gbọ́ èsì ní ojú ẹsẹ̀.

Nítorí náà ni oríkì ẹran ìgbẹ́ fi dára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi eré orí ìtàgé sílẹ̀, kí ẹ ka oríkì erin tàbí ti ẹfọ̀n bí a ti kọ wọ́n láti ẹnu ọdẹ. Ẹ ó rí i pé ìyìn wọn kì í ṣe ìyìn ṣáá. Bí ẹran náà ti ń gbé ẹsẹ̀, ohun tí ó ń jẹ, bí ó ti ń ṣe nígbà tí ọta bá bà á tí kò kú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí mo bá sì ní kí n sọ òtítọ́, wọ́n tún ń sọ bí ẹran rẹ̀ ti pọ̀ tó nínú ìkòkò. Onìjálá kì í fi èyí pamọ́. Ó ń ki ẹ̀dá náà, ó sì ń ronú ọbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì rí ohun tí ó burú nínú kí àwọn méjèèjì wà pọ̀. Àwa ni ojú ń tì, a wá ń fò ó bí a bá ń kà á sí etí àwọn àlejò.

Ibi tí mo ti yapa sí ọ̀rẹ́ mi nìyí. Ìjálá kò gba ẹ̀mí ẹran kankan là. Kò sí ibì kankan tí mo ti rí i kà pé ọdẹ ki erin tán tí ó sì gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí oríkì. Àìlágbára ohun ìjà ni ó jẹ́ kí erin pọ̀ ní ayé àwọn baba wa. Ẹni tí ó bá yin ṣakabùlà lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ tún ẹ̀tù rọ kí ó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, erin tí inú bí kì í sì í dúró de ẹni tí ń rọ ẹ̀tù. Igbó náà tún gbòòrò, ènìyàn kò pọ̀. Lónìí, ìbọn ti yá ju oyún lọ: abo erin a máa lóyún fún nǹkan bí oṣù 22 kí ó tó bí ọmọ kan ṣoṣo. Pákó àti oko kòkó sì ti jẹ igbó náà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2021 ni àjọ IUCN kéde pé irú erin tí ń gbé inú igbó kìjikìji Áfíríkà ti súnmọ́ ìparun pátápátá. Oríkì erin kò dín kù ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ní gbogbo àkókò yìí.

Bí ọ̀rẹ́ mi bá fẹ́ ẹ̀rí pé àwọn baba wa mọ bí a ti ń dá ọwọ́ dúró, ibòmíràn ni kí ó wá a sí. Èèwọ̀ ni kí ó lọ wò, àti àwọn ìtàn tí ó bí èèwọ̀. Ìdílé tí ó bí ìbejì kì í pa ẹdun, nítorí pé ẹbí ni wọ́n ka ẹdun sí. Èyí ti mú ẹdun kúrò nínú ìkòkò ọ̀pọ̀ ilé láìsí oríkì gígùn kan. Ẹ tún rántí ìtàn Òṣogbo. Lároòyè àti Olútìmẹ́hìn tí í ṣe ọdẹ wá omi fún àwọn ènìyàn wọn, wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n sì gé igi kan. Igi náà wó sínú odò, ohùn kan sì ké jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju èyíkéyìí lọ nínú gbogbo ìtàn ìtẹ̀dó tí mo mọ̀. Ẹ wo ohun tí ó fi kọ́ wa láìpariwo: ibi tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí pè ní igbó, ilé ẹnìkan ni. Ìkòkò wà níbẹ̀, iṣẹ́ aró ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì bá onílé ṣe àdéhùn. Nítorí àdéhùn yẹn ni a kì í fi í pa ẹja inú odò náà, tí a kì í dọdẹ nínú igbó náà, tí a kì í gé igi rẹ̀. Ìjọba kà á mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1965, ìyá wa Susanne Wenger jà fún un títí ó fi kú ní ọdún 2009, àjọ UNESCO sì gbà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ó tó sáré ilẹ̀ bí igba ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn ọ̀bọ sì ń fò lórí igi níbẹ̀ ní àárín ìlú ńlá.

Ìtàn ẹfọ̀n tí ó di obìnrin náà ńkọ́? Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Ọdẹ rí i níbi tí ó gbé bọ́ awọ rẹ̀, ó gbé awọ náà pamọ́, ó sì fi obìnrin náà ṣe aya lórí àdéhùn pé kò ní sọ ibi tí ó ti wá fún ẹnikẹ́ni. Ó jẹ́ kí àṣírí náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn ìyáálé, wọ́n fi bú u, ó gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ilé sì dàrú. D. O. Fágúnwà náà mọ ọ̀nà yìí: ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938, bàbá Àkàrà-Ògún yìnbọn lu ẹran ìgbẹ́, àṣé aya òun fúnra rẹ̀ ni ó yìnbọn lù. Mo gbà pé ẹ̀rù ni Fágúnwà fẹ́ dá bà wá níbẹ̀, kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ẹran gbé ẹ̀mí. Iwin ni ó sì pọ̀ nínú igbó tirẹ̀ ju ẹran lọ. Síbẹ̀ ẹni tí ó ka ibẹ̀ yóò ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fa ìbọn. Àwọn ìtàn wọ̀nyí pa ààlà. Ìjálá kò pa ààlà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti pa á.

Kí wá ni iṣẹ́ ìjálá? Ẹlẹ́rìí ni. Ó ń sọ ohun tí ojú rí, ní iwájú àwọn tí ojú tiwọn náà rí i. Bí ẹran bá sì lọ, ìjálá kò ní dákẹ́. Bí ó bá lè dákẹ́ ni, ìbá sàn. Yóò máa bá a lọ lórí ìtàgé àti lórí rédíò, ní ohùn tí ó dùn, láìsí ẹnìkan tí ó lè wí pé irọ́ ni. Èmi ni àpẹẹrẹ èyí. Ẹtu tilẹ̀ ṣì wà nínú igbó, ẹtù ṣì ń ké ní oko, síbẹ̀ mo fi ọ̀kan pe èkejì láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, a sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Báwo ni yóò ti rí ní ọjọ́ tí erin bá di ohun tí a kò rí níbì kankan àfi nínú ìwé?

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní abúlé yẹn tí n kò gbọdọ̀ má sọ. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ sí etí igbó. Erin méjì ti wọ oko rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, wọn kò sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sílẹ̀ ní ìdúró. Èmi, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìwé, mo sọ fún un bí erin ti ṣe pàtàkì tó: pé bí ó ti ń jẹ èso ni ó ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ gbin igi káàkiri igbó, pé Yorùbá ní oríkì fún un tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kì í. Ìyá náà fi ara balẹ̀ gbọ́ mi.

“O ṣé, ọmọ mi,” ni ó wí. “Nígbà tí o bá kì í tán, bá mi bi í léèrè ẹni tí yóò san owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí bú erin náà bí ẹni ń bú orogún. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ bí odó tí kò gúnyán fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní etí rẹ̀ bí ewé kókò, síbẹ̀ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó ní àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn, tí ó ń jẹun tán tí ó tún ń gbé tábìlì lọ. Mo yára wá kálámù. Bàbá ọdẹ tí ó jókòó tì wá ń mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí, ó ní èyí tí ó kéré nínú àwọn méjì náà ni ó burú jù.

Mo wí fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi pé èyí ni ìjálá tí ó dára jù tí mo ti gbọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ Yunifásítì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni ó wí i, tí kò sì fi ohùn ìjálá wí i. Erin ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ó ń bú, ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀ tí ó lè já a ní koro. Kò sí ẹni tí ó ń bá erin gbé ju ìyá yìí lọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́ tí Yorùbá ní sí ẹran ìgbẹ́ tí a kò sì fi èébú tirẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tí kò pé ni a ń sọ, àwọn tí ń ṣòfin láti ìlú ńlá yóò sì máa rò pé oríkì tó láti fi san owó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta sí Ẹgbẹ́ wa, n kò sì ní fi wọ́n gùn. Kí a pe ọdẹ méjì tàbí mẹ́ta wá jókòó ní iwájú ní alẹ́ eré tí ń bọ̀, kí a sì fún wọn ní àṣẹ láti dá ẹnikẹ́ni dúró, ìbá à ṣe olùkọ́. Kí a kó gbogbo ìwé àjákọ ìjálá tí ó wà ní yàrá Ẹgbẹ́ jáde, kí a fi àmì ohùn sí wọn, ní iwájú ẹni tí ó mọ ẹran náà, kì í ṣe ní iwájú ìwé atúmọ̀ èdè nìkan. Èyí tí ó kẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi ni mo fi ń bẹ̀: kí ó bá mi lọ sí abúlé yẹn ní ìsinmi tí ń bọ̀. Bàbá ti dàgbà, orúnkún sì ń dùn ún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, mo bẹ Bàbá pé kí ó fi ẹtu hàn mí, kí ó má bàa di pé ẹni tí ó ki ẹtu ní gbangba kò rí ẹtu tí kò tíì kú rí. Ọmọ rẹ̀ tí ń ṣọ́ igbó ni ó ṣáájú wa. A rìn láti ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ títí oòrùn fi wọ àárín igi. A gbọ́ ìró pákó tí a ń là ní ọ̀nà jíjìn, ọmọ rẹ̀ dúró, ó gbọ́ ọ, kò wí nǹkan. Nígbà tí ó pẹ́, Bàbá tẹ̀ ba ní etí omi kan, ó sì pè mí. Ipasẹ̀ kékeré méjì wà nínú ẹrẹ̀, wọn kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó fi ìka wọn ọ̀kan nínú wọn.

“Ti àná ni,” ni ó wí.